Àwòrán Tó Kù ní Ọ̀nà Àpáta Méjì

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò. Kámẹ́rà ṣì ń rí yín.”

Bàbá Fátimẹ́hìn kò sún. Ó fẹ̀yìn ti àpáta, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé èjìká bí ọdẹ tó gbé ìbọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀.

“Yà mí ná. Ọwọ́ yìí ló lu ihò tí wọ́n ki ẹ̀tù sí nínú àpáta yìí. Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Bí wọ́n bá ń wo ọ̀nà yìí n'Íbàdàn, ṣé kò yẹ kí wọ́n rí ẹni tó là á ni?”

“Ènìyàn wà nínú àwòrán,” ni kámẹ́rà náà wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tí kì í bínú. “A kò gbà á.”

“Ẹ ti gbọ́ o,” ni Ìbíwùmí wí.

“Bí kò bá sí ènìyàn níbẹ̀, ta ló wá ń rin ọ̀nà náà?” Baba bi í léèrè, ṣùgbọ́n ó sún. Ó ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀.

Ìbíwùmí tún ẹsẹ̀ kámẹ́rà fìdí múlẹ̀ lórí èèkàn irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Níwájú rẹ̀, àpáta méjì dojú kọra wọn, dúdú, wọ́n ga débi pé oòrùn aago mẹ́wàá kò tíì dé ìsàlẹ̀ wọn. Títì náà gba àárín wọn kọjá, ó ń rọ́ kiri lọ sísàlẹ̀ bí ọ̀já tí ìyá kan tú sílẹ̀ lórí ẹní. Omi ń ṣẹ́ láti ara àpáta ọwọ́ òsì, ewéko sì yọ níbi tó ń ṣẹ́ sí. Láti ọdún mọ́kànlá tí Ìbíwùmí ti ń yàwòrán fún ìjọba, kò tíì rí ọ̀nà tó dùn ún wò tó báyìí. Ó tẹ̀ ẹ́.

“Ó wọlé,” ni kámẹ́rà náà wí. “Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo kí Ọ̀nà Àpáta Méjì—”

Kíá ni Ìbíwùmí fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kámẹ́rà náà. Ó bojú wẹ̀yìn. Baba ti fọwọ́ lé orúnkún, ikọ́ mú un, kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ náà sì ń wa ara rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́, Baba sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó na imú síta.

“Wùmí, ó ti tó ọdún méjì tí èémí mi ti balẹ̀ báyìí kẹ́yìn. O ṣeun tí o mú mi wá. Mo ti rò pé Gbọ̀ngàn Ìran ni mo ti máa rí ọ̀nà yìí kí n tó kú, bí mo ṣe rí isun omi ọjọ́ yẹn. Omi ń dà yàà níwájú mi, mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi gbẹ fúrúfúrú.” Ó rẹ́rìn-ín. “Àwòrán mélòó lo ní ó kù níbí?”

“Ó ṣì kù púpọ̀, Bàbá. Ó tó igba.”

“Kò burú. Kó máa kù bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ènìyàn ló mọ òfin náà. Ibi tí àwòrán rẹ̀ bá ti pé, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ sí Gbọ̀ngàn Ìran, kó jókòó. Ìjọba ní wọ́n fi ń dáàbò bo ilẹ̀ ni.

Ẹnubodè ọ̀gbun tó wà láàárín àpáta méjèèjì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àwọn ẹ̀rọ ńlá. Wọ́n tò gbọọrọ lẹ́bàá títì, bíi méjìdínlógún, wọ́n ta tapólì bò wọ́n, ṣùgbọ́n tapólì kò bo eyín irin wọn tán. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tiwọn dúró fúnra rẹ̀ níwájú irin ìdábùú. Aṣọ́bodè kan jáde nínú àgọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀wọ̀ wà lójú rẹ̀. Adárámọ́lá ni wọ́n kọ sí àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Baba.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn o.”

“A dúpẹ́, ọmọ mi. Kí ni gbogbo irin wọ̀nyí ń ṣe níbí?”

“Ẹ̀rọ tó ń fọ́ àpáta ni wọ́n, sà. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì pọ̀ nínú òkè yìí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti wà níbí.” Ó rẹ́rìn-ín sí Ìbíwùmí. “Ọmọ yín ni wọ́n ń dúró dè. Àǹtí, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí wa pé àwòrán òkè ti wọlé, pé ti kọ́nà ìsàlẹ̀ ló kù. Bó bá ti wọlé, fèrè á dún. Wákàtí méjì lẹ ní láti jáde. Mo gbàdúrà pé kí ìyá yẹn gbà fún yín. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkarùn-ún.”

Irin ìdábùú gbéra. Ọkọ̀ wọlé. Baba gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ó ku ọ̀kan,” ló wí níkẹyìn. “O ní igba.”

“Bàbá—”

“Ìyá wo ló yẹ kó gbà fún ọ?”

Ìbíwùmí ń tún okùn àpò kámẹ́rà rẹ̀ so.

“Mo ní ìyá wo, Ìbíwùmí?”

“Màmá Àìná ni.”

Àìná ni ẹ̀gbọ́n Baba, obìnrin. Òun ló kù nínú gbogbo àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà. Àwọn yòókù ti kó lọ; òun kọ̀. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, ìgbàkúùgbà tí ayàwòrán bá dé sí kọ́nà tí ilé rẹ̀ wà, ìyá náà á jáde síwájú ilé, á gbé ọwọ́ lé ìbàdí, á sì dúró. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni ayàwòrán náà fi wà níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi dúró láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kámẹ́rà kì í gba àwòrán tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, kì í sì í gba èyí tí wọ́n bá tún ṣe. Òfin kan náà ló sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tó bá dúró lójúde ara rẹ̀. Báyìí ni ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún fi fi ìdúró lásán dá ẹ̀rọ méjìdínlógún dúró.

“Àwọn ọ̀gá mi mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ni,” ni Ìbíwùmí wí. “Wọ́n ní bí Màmá bá rí i pé àwa ni, wọ́n á wọlé láti ṣe wá lálejò. Pé ìṣẹ́jú kan péré ni mo nílò.”

“Ìdí nìyẹn tí o fi mú èmi náà wá.”

Ìbíwùmí yíjú sí i. “Yàrá kan ni wọ́n fi lọ̀ mí, Bàbá, ní Ilé Tútù, níbi tí ooru kì í wọ̀. Ti yín ni. Oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin, wọ́n á sì yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó ń dúró de yàrá. Ọdún mẹ́sàn-án la ti fi tò. Dókítà sọ fún mi, kò sọ fún yín: ó ní ẹ̀dọ̀fóró yín kò lè la ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ já nínú ooru Ìbàdàn. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa wò yín?”

“O bi mí?”

“Ẹ̀ bá ti kọ̀.”

“Ìyẹn ni pé o mọ̀.” Baba yíjú sí iwájú. “Ọkọ̀, dúró.”

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dúró. Orúkọ Ìbíwùmí ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun ni ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo títì.

“Máa lọ,” ló wí. Ọkọ̀ náà sì ń lọ.

Baba gbé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sókè, ó kọjú sí àpáta títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

Ilé Màmá Àìná wà lẹ́yìn kọ́nà tó ṣe kọrọdọ, níbi tí àpáta méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora. Ilé alámọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, igi kòkó díẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, odò kékeré sì ń sáré lọ nísàlẹ̀ bèbè. Ìyá náà ti gbọ́ ìró táyà. Ó ti dúró sójúde, ó lọ́ ìró aláwọ̀ ewé mọ́ àyà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ìbàdí.

“Ẹ yí padà!” ló ń ké kí ọkọ̀ tó dúró. “Mi ò lọ síbì kankan o! Ẹ lọ sọ fún wọn pé mo ṣì wà láyé!”

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Baba fi ọ̀pá síwájú, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ ìyá náà já kúrò ní ìbàdí.

“Àkànní?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Àkànní! Àkànní ọmọ ìyá mi!” Ó sáré bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè sáré mọ, ó rọ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, ó ń fi ọwọ́ pa á lójú, ó ń pa á létí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ ló dé. “O rù. Kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ lọ́hùn-ún? Ta nìyí? Ṣé Ìbíwùmí nìyí? Àbẹ̀kẹ́ mi! Ọjọ́ tí mo rí ọ kẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyá rẹ lo wà!”

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ìyá náà fà á dìde, ó gbá a mọ́ra. Ó ń rùn fún èéfín àti òrí. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí àpò dúdú tó wà léjìká ọmọ náà. Ó mọ irú àpò bẹ́ẹ̀. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́,” ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Àwòrán lo wá yà?”

Baba ń wo ọmọ rẹ̀. Odò ń dún nísàlẹ̀.

“Rárá, Màmá,” ni Ìbíwùmí wí. “Iṣẹ́ mi ni, mo máa ń gbé e kiri. A wá kí yín ni.”

Ojú ìyá náà tú ká. Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ kú àbọ̀! Ẹ kú àbọ̀ o! Mo wú iṣu lánàá, bí ẹni pé mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáná sí i. Àkànní, wọlé, ìta yìí ń móoru.” Ó ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà.

Baba tẹ̀ lé e. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró.

“Ìta lo máa wà?” ló bi ọmọ rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dáa,” ni Baba wí, ó sì wọlé.

Ìbíwùmí ní kí ọkọ̀ sún kọjá kọ́nà. Ó rí èèkàn irin náà ní òdìkejì títì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti pá lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ayàwòrán mẹ́rin tó ti wá ṣáájú. Ó gbé kámẹ́rà ka orí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wọ inú gíláàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: àpáta méjèèjì, títì tó yí po, odò, páànù pupa, igi kòkó. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ilé ìdáná, ó ń gòkè lọ tààrà láàárín àwọn àpáta náà, nítorí kò sí afẹ́fẹ́.

“Kò sí ènìyàn,” ni kámẹ́rà náà wí. “Ẹ lè tẹ̀ ẹ́.”

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó mú ọwọ́ kúrò. Ó rò ó pé òun lè padà lọ sọ fún wọn pé ìyá náà kò kúrò lójúde. Mẹ́rin ti sọ bẹ́ẹ̀ kí òun tó dé, kò sì sí ẹni tó bá wọn wí. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹ iṣu, kí wọ́n máa lọ. Ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú kámẹ́rà kúrò lórí èèkàn nígbà tí ikọ́ Baba bẹ̀rẹ̀ nínú ilé.

Ikọ́ náà gùn. Kì í ṣe irú èyí tó hú lókè. Èyí tó máa ń jí i dìde n'Íbàdàn ni, tó máa ń dà bí ẹni tó ń fa páànù lórí kọnkéré. Ó gbọ́ ohùn ìyá náà: “Rọra, Àkànní. Èéfín ni. Mí. Mí, ọmọ ìyá mi.” Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìbíwùmí rántí dókítà náà, bó ṣe ń wo tábìlì nígbà tó ń bá a sọ̀rọ̀, tí kò gbé ojú sókè. Ó tún kámẹ́rà fìdí múlẹ̀ lórí èèkàn. Ó tẹ̀ ẹ́.

“Ó wọlé,” ni kámẹ́rà náà wí. “Ọ̀nà Àpáta Méjì ti pé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Fèrè dún láti ẹnubodè. Ó gba inú ọ̀gbun náà wá, àpáta kan gbà á fún èkejì, títí kò fi yé ẹnikẹ́ni mọ́ ibi tó ti ń bọ̀. Màmá Àìná jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń bó iṣu. Ó gbójú sókè wo àpáta, lẹ́yìn náà ló wo Ìbíwùmí tó dúró ti kámẹ́rà.

“O ní ẹ wá kí mi ni.”

“Màmá, ẹ gbọ́ mi. Bàbá ni mo ṣe é fún. Màmá, ẹ jọ̀ọ́—”

“Iṣu náà kò tíì jiná,” ni ìyá náà wí.

Ó padà wọlé. Ìbíwùmí gbọ́ tí omi ń pariwo lórí iná. Ó ń retí èpè. Ó tilẹ̀ ń fẹ́ kí ìyá náà ṣépè fún òun. Kò gbọ́ èpè kankan. Ìyá náà jáde pẹ̀lú ẹrù kan ṣoṣo lórí, ó fi abọ́ mọ́ àyà, iṣu tí kò jiná náà wà nínú abọ́, ó fi ọmọrí dé e. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wo kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni òun àti àbúrò rẹ̀ jókòó sí. Ìbíwùmí dá wà níwájú. Ní kọ́nà kẹta, ó yíjú sí wọn.

“Bàbá, ẹ̀yin náà wà nínú ilé pẹ̀lú Màmá. Ẹ lè sọ fún wọn. Ẹ ò sọ.”

“Mo fẹ́ sọ ọ́,” ni Baba wí. “Ikọ́ dí mi lẹ́nu. Nígbà tó lọ sílẹ̀, mo ní kí n ní sùúrù díẹ̀. Mo ní ọmọ tí mo bí kò ní tẹ̀ ẹ́.”

Ní ẹnubodè, wọ́n ti tú tapólì kúrò lórí àwọn ẹ̀rọ. Ọkọ̀ akérò funfun kan ń dúró, tí ó máa ń kó àwọn tí àwòrán ilẹ̀ wọn bá ti pé lọ sí Àgọ́ Pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí igi kò ti sí. Adárámọ́lá sáré wá, inú rẹ̀ dùn, ó gbé pátákó kékeré kan tó ń tàn lọ́wọ́.

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o! Bàbá, wọ́n ti fi ìwé yàrá yín ránṣẹ́. Ẹ kàn fi àtàǹpàkò yín tẹ ibí, ó di tiyín. Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, wọ́n á fún ẹlòmíràn.”

Baba wo pátákó náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ akérò, tí abọ́ ṣì wà láyà rẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé àyè ku ẹnì kan nínú ọkọ̀ yẹn?”

“Sà?”

“Bàbá!” Ìbíwùmí di aṣọ rẹ̀ mú. “Ooru ibẹ̀ ju ti Ìbàdàn lọ. Ẹ ò ní lò ju oṣù kan lọ níbẹ̀. Ẹ bínú sí mi, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Màmá Àìná yíjú padà lórí àtẹ̀gùn. “Àkànní, má ṣe ya wèrè. Tẹ̀ lé ọmọ rẹ. Ó ti ṣe é ná. Má jẹ́ kó já sófo.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún fún mi,” ni Baba wí. Ó rọra tú ìka Ìbíwùmí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń tú u nígbà tó wà lọ́mọdé tí kò fẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́. Ó gòkè.

Ìbíwùmí fẹ́ tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ akérò náà wò ó lójú, kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn tí wọ́n bí sí ọ̀gbun náà, ó sì pa dé. Ìbíwùmí ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a títí ọkọ̀ fi gbéra. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ gba abẹ́ irin ìdábùú wọ ọ̀gbun lọ, ilẹ̀ ń mì. Adárámọ́lá ṣì dúró pẹ̀lú pátákó náà. Kò mọ ẹni tó yẹ kó nà án sí mọ́.

Nínú gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ akérò náà, Màmá Àìná yíjú. Ó rí ọmọ náà lójú títì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú sí i díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dágbére fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Baba tó jókòó ti í kò bojú wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sì rọra fà á wálẹ̀.